Bí a ṣe tún ilẹ̀ ibùdókọ̀ wa ṣe ní Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo

Bíríkìlà ni mí. Ilé kíkọ́ ni mo fi ń jẹun, n kì í ṣe iṣẹ́ títì. Ṣùgbọ́n ilé mi kò jìnnà sí ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òkè-Báálẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa sì ń wá ẹni tí yóò bójú tó iṣẹ́ ibùdókọ̀, èmi ni wọ́n pè. Mo ń kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ onílé mélòó kan ti ń béèrè bí a ṣe ṣe é, ó sì ti ń sú mi láti máa sọ ọ́ lórí fóònù.

Òrùlé ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí n ṣe. Wọ́n fẹ́ páànù aláwọ̀ ewé, àga irin, àti orúkọ ẹgbẹ́ gàdàgbà níwájú. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ jókòó síbẹ̀ ná.

Kí a tó gbé ṣọ́bìrì

Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ nígbà náà. Orí bẹ́ǹṣì ìyá alákàrà ni mo máa ń jókòó sí láàárọ̀ nígbà tí ọmọ iléèwé àti òṣìṣẹ́ ń jáde, mo tún ń padà síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń wọ́ bọ̀. Mo mú ìwé àti báírò dání. Mo ya títì náà sínú ìwé, mo sì ń fi ọfà kékeré sí ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà. Kò pẹ́ tí àwòrán náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Gọ́tà ló kọ́kọ́ hàn. Ó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 90 sẹ̀ǹtímítà. Pákó ni wọ́n tẹ́ dábùú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn àtijọ́ tí ìṣó ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fò ó. Ọmọdé ń fò ó, nígbà mìíràn wọn a bọ́ sínú rẹ̀. Ẹni tó ru igbá ọjà kì í rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá pákó náà bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú òkùnkùn. Aboyún kan máa ń rìn lọ títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kan, níbi tí wọ́n ti fi kọnkéré bo gọ́tà, kó tó rìn padà wá dúró de ọkọ̀. Gbogbo ìrìn àlọ àti àbọ̀ yẹn, nítorí gọ́tà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ìbá gbà kọjá ní ìṣísẹ̀ kan.

Ohun kejì kò hàn bẹ́ẹ̀, òun ló sì léwu jù. Àwọn kòròpé, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé èrò, ń dúró ṣáájú ibi tí àwọn èèyàn ti ń sọdá. Ẹni tó bá bọ́ọ́lẹ̀ yóò gba iwájú ọkọ̀ tó gbé e wá kọjá, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò sì yà láti kọjá lára kòròpé náà. Awakọ̀ yẹn kò rí ẹnìkan. Ẹni tó ń sọdá náà kò rí i. Àyàfi ìgbà tí orí bá yọ ní igun kòròpé.

Mo ṣe ìṣirò kan fún ìpàdé ẹgbẹ́, torí pé ìṣirò ni àwọn àgbà wa ń gbọ́. Eré 50 kìlómítà ní wákàtí kan ni òfin ìrìnnà gba ọkọ̀ àdáni láyè láti sá láàárín ìlú. Ọkọ̀ tó bá ń sá eré yẹn ń lọ nǹkan bí mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ojú awakọ̀ bá mú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá, ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn ló máa tó fi rí ẹni tó yọ, kó tó gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì. Kòròpé kò gùn ju mítà mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ ti lọ gígùn kòròpé mẹ́rin kí bíréèkì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Bí eré bá wálẹ̀ sí 30, mítà mẹ́jọ àti díẹ̀ ni. Agbára tí ọkọ̀ fi ń kọlu èèyàn ní 50 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti 30.

Akápò wa wò mí, ó ní, "Kí wá ni òrùlé fẹ́ ṣe sí ìyẹn?"

Mo ní, "Kò lè ṣe nǹkan kan sí i, sà."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti fọwọ́ sí i pé ilẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ ṣe.

Lọ́dọ̀ àwọn awakọ̀

Ohun tí a fẹ́ rọrùn láti sọ. Kí kòròpé máa kọjá ibi ìsọdá kó tó dúró, kí ẹni tó bọ́ọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀yìn ọkọ̀ kọjá. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn ọkọ̀ ń rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ kedere, ọkọ̀ náà sì ń rí i. Ṣùgbọ́n kòròpé náà kò gbọdọ̀ dúró sí ìdí ibi ìsọdá gan-an o, nítorí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ìhà kejì. Kó sún tó mítà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ síwájú, kí ojú lè ríran láti apá méjèèjì.

Mo lọ bá alága wọn ní ìdí ṣẹ́ẹ̀dì.

"Alága, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Bàbá bíríkìlà, ẹ káàbọ̀. Wọ́n ní ẹ fẹ́ lé wa kúrò níbí."

"Ta ló fẹ́ lé yín? Ẹ sún síwájú díẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín fún, kí ẹ kọjá igi máńgòrò yẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti rí mọ́tò tó ń dúró de igi rí? Ibi tí èrò bá wà la ń dúró sí. Ẹ lọ sún èrò, a ó bá wọn lọ."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Mo padà sórí bẹ́ǹṣì mi, mo sì wo èrò dáadáa. Kí ló dá wọn dúró síbi tí wọ́n ń dúró sí? Ìbòòji igi kékeré kan, àti àkàrà. Ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ láàárọ̀ fẹ́ ra àkàrà àti ẹ̀kọ, ẹni tó ń ra àkàrà sì ń dúró nítòsí iná. Bí ìyá alákàrà bá sún, èrò yóò sún. Bí èrò bá sún, kòròpé yóò sún.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń bá ìyá alákàrà dúnàá-dúrà nìyẹn. Ìyá náà ti wà níbẹ̀ kí púpọ̀ nínú àwọn onílé tó kọ́lé, kò sì bẹ̀rù ẹgbẹ́ kankan. Ó jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi, ó da àkàrà kan sínú epo, ó ní, "Ọmọ mi, níbi tí ẹ ń wí yẹn, oòrùn á pa mí. Òjò á pa iná mi. Àwọn oníbàárà mi á rò pé mo ti kú." Mo ní a ó ṣe òrùlé sí i. Ó ní kí n ṣe pèpéle tí ìkòkò epo lè jókòó lé láìmì, kí ẹ̀yìn òrùlé ṣí kí èéfín lè jáde, kó má sì ṣe jẹ́ pé ẹlòmíràn ni wọn yóò fún níbẹ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Alága ẹgbẹ́ onílé fọwọ́ sí i. Òrùlé tí wọ́n ń wá di òrùlé ìyá alákàrà, inú wọn kò kọ́kọ́ dùn sí i. Mo ṣe é kó wà lẹ́yìn ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí ìlà àwọn tó ń ra àkàrà má bàa dí àwọn tó ń rìn lọ́nà.

Ìwé àṣẹ

Títì kì í ṣe tiwa, ẹ má gbé ṣọ́bìrì sí i láìgba ìwé. A kọ̀wé sí ẹ̀ka iṣẹ́ òde ní ìjọba ìbílẹ̀, a fi àwòrán mi sínú rẹ̀. Ẹ̀ńjíníà kan wá wò ó, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀, ó ní a lè ṣe sílábù kọnkéré tí yóò bo gọ́tà àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí a sì má fi ọwọ́ ara wa mọ bọ́ǹpù. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ìyẹn, mo máa sọ ìdí rẹ̀ níwájú.

Ohun kan tó ràn wá lọ́wọ́ nínú lẹ́tà náà ni òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní òfin 2018 lórí àwọn akanda ẹ̀dá, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2019. Òfin náà fún àwọn ilé gbogboògbò àti ojú ọ̀nà ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe kí àwọn akanda ẹ̀dá lè lò wọ́n. Ọdún márùn-ún yẹn ti pé ní 2024. A kàn fi ọjọ́ náà sínú lẹ́tà, a kò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Gọ́tà

Ibí ni owó wa lọ sí jù, ibí náà ni mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀ farabalẹ̀ kà.

A pinnu pé sílábù náà yóò fẹ̀ tó mítà 1.8, kí ẹni tó ru ẹrù àti ẹni tó gbé ọmọ pọ̀n lè pàdé lórí rẹ̀ láìsí pé ẹnìkan bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹnu gọ́tà jẹ́ 90 sẹ̀ǹtímítà, sílábù sì gbọ́dọ̀ jókòó lé ògiri gọ́tà ní 20 sẹ̀ǹtímítà lápá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn jẹ́ mítà 1.3 ní gígùn. Ìnípọn rẹ̀ jẹ́ 15 sẹ̀ǹtímítà. Dípò kí a dà á ní odindi kan, a pín in sí mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà, a sì ri ìkọ́ irin mọ́ orí wọn, ìkọ́ tó wọlé sínú ihò kékeré kó má bàa gbé ẹsẹ̀ ṣubú. Ìdí tí a fi pín in ni pé gọ́tà tí a kò lè ṣí, a kò lè kó o. Ẹ lọ wo àwọn sílábù odindi tí wọ́n dà sí ẹnu ọ̀nà ilé káàkiri ìlú: yanrìn ti kún abẹ́ wọn bámúbámú, omi òjò sì ti gba orí títì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú tiwa wúwo tó nǹkan bí 280 kìlógíráàmù. Àwọn ọkùnrin tó lágbára, pẹ̀lú ọ̀pá irin, lè gbé e. Olè ò lè gbé e sá.

Kọnkéré rẹ̀ jẹ́ ìdá kan sìmẹ́ńtì, méjì yanrìn, mẹ́rin òkúta gíráńáìtì. Fún ibi ìsọdá gọ́tà méjì, ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan títì, ó gba àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin àti ààbọ̀ lórí ìwé. Ẹ ra mẹ́fà, torí pé orí ìwé kì í ya, ṣùgbọ́n àpò ń ya.

Irin ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi tàfàlà níbi sílábù. Kì í ṣe pé wọn kì í fi sí i, wọ́n ń fi sí i, ṣùgbọ́n wọ́n ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré lé e, tàbí kí wọ́n fà á sókè sí àárín nígbà tí wọ́n bá ń dà á. Bí ẹrù bá dé orí sílábù, abẹ́ rẹ̀ ló ń fà, òkè rẹ̀ ń fún pọ̀. Kọnkéré kì í bẹ̀rù kí a fún un pọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fà á, ó ń ya. Abẹ́ ni irin ti ń ṣiṣẹ́. A fi irin mìlímítà 12 la gọ́tà kọjá, àlàfo 15 sẹ̀ǹtímítà láàárín wọn, irin mìlímítà 10 sì dábùú wọn. A fi bisikíì kọnkéré, ìyẹn kọnkéré pẹlẹbẹ kékeré, gbé wọn sókè díẹ̀, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, kí omi má bàa dé ara irin kó máa dípẹtà. Nítorí pé ibì kan la ti da wọ́n kí a tó gbé wọn lọ, mo fi ìṣó kọ "ÒKÈ" sí ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tó ṣì tutù. Ẹni tó bá dojú sílábù dé ti sọ irin di ohun ọ̀ṣọ́.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ fẹ́ kí omi pọ̀ kó lè rọrùn láti dà. Mo ní rárá. Kọnkéré tó bá ń ṣàn bí ẹ̀kọ gbígbóná yóò gbẹ tán, yóò sì máa hó. A fi igi gún un dáadáa, a fi ìgbálẹ̀ ṣá ojú rẹ̀ kó má bàa yọ̀ nígbà òjò. Àwọn tó fẹ́ràn kí ojú rẹ̀ máa dán bí tábìlì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìyẹn lọ sí pálọ̀.

Lẹ́yìn náà ni a fi àpò ìrẹsì bò wọ́n, a ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ keje, kọnkéré tí a tọ́jú dáadáa ti ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára tí yóò ní ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Akọ̀wé ẹgbẹ́ fẹ́ kí a gbé wọn sí i ní ọjọ́ kẹjọ, torí wọ́n ti pe àwọn èèyàn. Mo ní ọ̀kadà yóò gun un, bí ẹ bá fẹ́ bí ẹ sì kọ̀, mọ́tò alága pàápàá lè gun un bó bá ń wá ibi tí yóò gbà yípo. A dúró. Wọ́n bínú sí mi, ó sì tán.

Àlàfo tó wà láàárín sílábù méjì kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Táyà kékeré iwájú kẹ̀kẹ́ akanda ẹ̀dá ń kó sí àlàfo, orí ọ̀pá afọ́jú náà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń lo irin onígíríìlì dípò kọnkéré, kí ọ̀pá irin náà dábùú ìrìn ẹsẹ̀, kó má ṣe tẹ̀lé e.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ga ju ojú títì lọ ní 15 sẹ̀ǹtímítà, nítorí náà a nílò gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ akanda ẹ̀dá yóò fi gùn ún. Ìlànà tí wọ́n ń lò káàkiri ayé ni pé bí ọ̀nà bá gòkè ní ìdá kan, kó lọ síwájú ní ìdá méjìlá. Èyí túmọ̀ sí mítà 1.8 fún tiwa. Akápò ní ó ti gùn jù, sìmẹ́ńtì ti wọ́n, kí a ṣe é ní 60 sẹ̀ǹtímítà.

N kò bá a jiyàn. Arákùnrin kan wà ní oríta tó ń tún fóònù ṣe, kẹ̀kẹ́ akanda ló ń lò. Mo bẹ̀ ẹ́ wá. Mo gbé pákó pílààwúùdù lé bíríkì ní bí akápò ṣe fẹ́ ẹ. Ó gbìyànjú, táyà iwájú gbéra nílẹ̀, ọmọ iṣẹ́ mi sáré di ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mú. Mo wá fa pákó náà gùn dé mítà 1.8. Ó gun un fúnra rẹ̀, ó yí padà, ó tún sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n tún un gùn lẹ́ẹ̀kan sí i." Akápò ló gbé owó sìmẹ́ńtì tó kù sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Arákùnrin yìí ló tún sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ronú kàn. Ó ní kí omi má ṣe dúró ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọwọ́ ló fi ń yí táyà, bí táyà bá wọ ẹrẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wọ ẹrẹ̀ nìyẹn, ọwọ́ yẹn náà ni yóò sì fi ṣí fóònù oníbàárà. A ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó bá ojú títì dọ́gba, a sì jẹ́ kí gbogbo ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ náà dagun díẹ̀ sí ìhà gọ́tà, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àti ààbọ̀ láti etí kan dé ìkejì. Ojú kì í rí i, ṣùgbọ́n omi ń rí i.

Nípa àwọn afọ́jú: ará Japan kan, Seiichi Miyake, ló ṣe àwọn bíríkì oníkókó tí àtẹ́lẹsẹ̀ àti ọ̀pá lè mọ̀, ní 1965, wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sí ojú títì ní ìlú Okayama ní 1967. N kò rí i rà, nítorí náà káfíńtà wa lu ihò róbótó-róbótó sínú pákó, jíjìn wọn tó mìlímítà márùn-ún, a da sìmẹ́ńtì sínú rẹ̀, a sì rí tiwa. A tẹ́ ẹ sí ibi tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti pàdé títì, níbi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti mú kí etí títì pòórá lábẹ́ ọ̀pá. Bàbá kan tí ń fi ọ̀pá rìn ládùúgbò yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ìró rẹ̀ yàtọ̀ pàápàá kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé e.

Pátákó ló gba wàhálà lẹ́yìn ìyẹn. Pátákó ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, ti ìsọjí, ti olóṣèlú tó ti wọlé tó sì ti jáde, gbogbo wọn ni wọ́n ri sí àárín ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà. A ká wọn lọ sí ẹ̀yìn. Ti olóṣèlú nìkan ni ẹnikẹ́ni kò wá béèrè.

Ọ̀dà, òpó, àti ọ̀rọ̀ bọ́ǹpù

A kun síbúrà: ìlà funfun tó fẹ̀ ní 50 sẹ̀ǹtímítà, àlàfo 50 sẹ̀ǹtímítà. Ọ̀dà ilé kì í pẹ́ lójú kóòtà. Èyí tó dára jù ni irú tí wọ́n ń fi iná yọ́ dé nǹkan bí 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí wọ́n tó tẹ́ ẹ, ẹ̀rọ rẹ̀ ni a kò ní. A lo ọ̀dà ojú títì, a sì fọ́n ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì wẹ́wẹ́ lé e lórí nígbà tó ṣì tutù, òun ló ń mú kí ìlà náà dán nígbà tí iná ọkọ̀ bá tàn sí i lóru. Láìfọ́n ọn, síbúrà yín yóò sùn ní aago méje alẹ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé síbúrà nìkan ń dá ọkọ̀ dúró ní Òṣogbo. Ohun tó ń dín eré kù ni ohun tí ọkọ̀ ń rí tàbí tí ó ń gùn. A ri òpó irin tí a da kọnkéré kún inú rẹ̀ sí etí títì, àlàfo mítà 1.2 láàárín wọn: kẹ̀kẹ́ akanda ń kọjá, mọ́tò kò lè kọjá. Ọ̀kadà ń kọjá o. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ òpó tó lè dá ọ̀kadà dúró tó sì jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ akanda kọjá, kó jọ̀wọ́ kọ́ mi.

Ní ti bọ́ǹpù, mo mọ̀ pé gbogbo àdúgbò ló ń mọ ọ́n. Bọ́ǹpù tí a fi ṣọ́bìrì mọ máa ń ga, ó sì máa ń tínrín. Awakọ̀ kì í gùn ún, ńṣe ló ń yà kúrò fún un, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ wà ló sì ń yà sí. Èyí tó yẹ kó wà gùn tó nǹkan bí mítà 3.7, kò sì ga ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ. Ọkọ̀ á gùn ún pẹ̀lẹ́ láìya. Ìjọba ìbílẹ̀ ní àwọn yóò ṣe é. A ṣì ń dúró.

Òjò dé

Òjò ńlá àkọ́kọ́ ọdún náà ló yẹ iṣẹ́ wa wò. Omi lọ sínú gọ́tà bó ṣe yẹ, ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gbẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rá píọ̀ wọ́tà dí ẹnu gọ́tà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà. Ọjọ́ yẹn ni ìkọ́ orí sílábù sanwó ara wọn. A ṣí àárín, a kó yanrìn àti ọ̀rá jáde, a sì tún un dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá alákàrà wà níbẹ̀, iná rẹ̀ kò kú.

Àwọn kòròpé sún. Kì í ṣe lójú kan náà, wọ́n ń sún bí èrò ṣe ń sún. Àwọn kan ṣì wà tí wọ́n máa ń dúró síbikíbi tí èrò bá ti ké "Ó wà o!", alága wọn sì ní kí àwa náà bá èrò sọ̀rọ̀. Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀

A fẹ́ kí iná wà kí ọdún Ọ̀ṣun ti oṣù August tó dé, torí èrò máa ń pọ̀ ní ìlú nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ títì. Ìrìn ẹsẹ̀ ni ọdún náà fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, láti Ìwọ́pópó títí dé ọjọ́ tí arugbá yóò lọ sí ojúbọ. Ìlú tó ti ń tan atùpà olójúmẹ́rìndínlógún mọ́jú kò yẹ kó ṣòro fún láti tan iná sólà kan sí ibùdókọ̀.

Ibi tí òpó iná wà ṣe pàtàkì ju agbára gílóòbù lọ. Bí ẹ bá fi í sí òkè síbúrà gan-an tàbí sẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ń sọdá yóò di òjìji lójú awakọ̀. Ẹ fi í sí ìhà tí ọkọ̀ ti ń bọ̀, mítà díẹ̀ ṣáájú síbúrà, kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sí ara èèyàn láti ọ̀dọ̀ awakọ̀. Nítorí pé ọkọ̀ ń bọ̀ láti apá méjì, òpó méjì ni, owó wa sì ka ọ̀kan. Wẹ́dà ṣe àgò irin sí bátìrì. Ẹ yan ẹni tí yóò máa nu ojú sólà nígbà ọyẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eruku yóò pa á.

Ohun tó kù

Òpó iná kejì. Bọ́ǹpù. Àtúnkùn síbúrà, tí a ti fi sínú owó oṣooṣù ẹgbẹ́. Ìhà kejì títì kò tíì ní ìbòòji, àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ Ọjà Ọba ṣì ń bá oòrùn jà, a ti gbin igi méjì síbẹ̀, ewúrẹ́ sì ti jẹ ọ̀kan.

Alága ẹgbẹ́ kan bi mí bóyá a lè ṣe irú rẹ̀ ní ìhà Ọláìyá. Afárá tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ní àsìkò Gómìnà Oyètọ́lá gbé ọkọ̀ gba òkè, ẹlẹ́sẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ pẹ̀lú kòròpé àti kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn, ó ju sílábù mẹ́ta lọ. Mo ní kí ó kọ́kọ́ lọ jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti báírò, kó sì fi ọfà sí ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà, kó mú ìyẹn lọ bá àwọn ẹ̀ńjíníà.

Àwọn pákó tí a fi da sílábù àti pákó oníhò káfíńtà wà ní ilé mi. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ yá a lè wá mú un, kí wọ́n fọ ọ́ kí wọ́n tó dá a padà, kí wọ́n sì wọn ẹnu gọ́tà tiwọn kí wọ́n tó wá, torí pé fún mítà 1.3 péré ni mo gé e.